Ìwé Tí Wọ́n Kọ ní Moscow, Tí Amẹ́ríkà Kà: Ohun Tí Bàálù Su-57 Ń Kọ́ Wa

Bí àríyànjiyàn lórí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bá ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi dárúkọ bàálù ogun Su-57. Láti ibẹ̀, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ máa ń pín sí. Àwọn kan á ní kò sí irú rẹ̀ láyé, pé ọjọ́ tí Rọ́ṣíà bá fi í jà tọkàntọkàn ni ojú ayé yóò là. Àwọn mìíràn á ní ẹnu lásán ni, pé àwọn ará Rọ́ṣíà kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bàálù tí rédà kì í tètè rí, pé Amẹ́ríkà nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo ti ka ohun púpọ̀ nípa bàálù yìí, n kò sì sí lẹ́yìn ìkankan nínú igun méjèèjì. Èrò tèmi rèé: Rọ́ṣíà kò ṣaláìní ìmọ̀. Ní Moscow gan-an ni wọ́n ti kọ ọ̀kan lára àwọn ìwé tí gbogbo ayé fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ohun tó dá Su-57 dúró ni pé nígbà tí ẹni tó mọ̀ ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ nílé. Nígbà tí wọ́n sì wá gbọ́, owó ti dá, àwọn èèyàn tó yẹ kó fi ọwọ́ ṣe é ti fọ́nká. Ìmọ̀ nìkan kò tó. Ó ń fẹ́ ẹni tó máa gbọ́, ó ń fẹ́ owó tí kò dáwọ́ dúró, ó sì ń fẹ́ àwọn tó máa jókòó ti iṣẹ́ náà títí tí wọn yóò fi fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì àti rédà. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àárín gbùngbùn ìtàn yìí ni atúmọ̀ èdè jókòó sí.

Ìwé kan ní ọdún 1962

Pyotr Ufimtsev ni orúkọ ọkùnrin náà. Onímọ̀ fíṣíìsì ni, ilé ìwádìí kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ rédà ní Moscow ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1962, ó tẹ ìwé kan jáde lórí bí ìgbì rédà ṣe ń ṣe nígbà tó bá kan etí nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé wa. Rédà a máa ju ìgbì sí òfurufú. Bí ìgbì náà bá kan nǹkan, díẹ̀ nínú rẹ̀ á padà sọ́dọ̀ ẹni tó jù ú, ohun tó padà yìí ni onítọ̀hún fi ń mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn tan tọ́ọ̀ṣì sí dígí lóru. Bí dígí náà bá kọjú sí i gan-an, ìmọ́lẹ̀ á padà wá bá a lójú. Bí wọ́n bá dá dígí náà yẹ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á gba ibòmíràn lọ, ẹni tó tan tọ́ọ̀ṣì kò sì ní rí nǹkan kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni etí dígí. Bó ti wù kí o dá a yẹ̀ tó, etí rẹ̀ á ṣì máa fọ́n ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ káàkiri. Ìyẹ́ bàálù ní etí, ìrù rẹ̀ ní etí, ẹnu ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí ní etí. Bí o kò bá mọ iye ìgbì tí àwọn etí yìí ń dá padà, o kò lè mọ̀ bóyá rédà yóò rí bàálù rẹ títí tí o fi máa kọ́ ọ tán, tí o sì máa gbé e síwájú rédà. Ìgbà yẹn, owó ti lọ.

Ohun tí Ufimtsev ṣe ni pé ó wá ọ̀nà ìṣirò tí èèyàn lè fi mọ̀ ọ́n lórí pépà, kí ó tó fọwọ́ kan irin. Òun kò sọ pé bàálù lòun ń wá. Ìbéèrè fíṣíìsì ló ń dáhùn. Àwọn aláṣẹ Sófíẹ̀tì pàápàá gbà á láyè láti tẹ ìwé náà síta gbangba, nítorí wọn kò rí ohun kan nínú rẹ̀ tó lè wúlò fún ogun. Orílẹ̀-èdè tó ń fi àwòrán ìlú pamọ́ fún àlejò ló fi ìwé yìí sílẹ̀ kí ẹni tó bá wù ú kà á.

Ẹni tó wù ú sì kà á. Ní ọdún 1971, ẹ̀ka kan nínú iléeṣẹ́ ológun òfurufú Amẹ́ríkà, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tọpa ìmọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè, tú ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pè é. Wọ́n kàn ń tú ohun tí wọ́n bá rí ni. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Denys Overholser, onímọ̀ ìṣirò kan ní ilé iṣẹ́ Lockheed, bá a pàdé. Ó rí i pé ìdáhùn sí ìbéèrè tí àwọn ń bá yí wà nínú rẹ̀, ó sì lọ bá ọ̀gá rẹ̀, Ben Rich. Wọ́n fi ìṣirò náà sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò lágbára tó ti òní, ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ nìkan ló lè ṣírò dáadáa, ìdí nìyẹn tí bàálù tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fi rí bí òkúta tí wọ́n gé létí káàkiri. Bàálù àdánwò náà, Have Blue, gbéra ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1977. F-117 tó tẹ̀lé e gbéra ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1981, òun ló sì wọ Baghdad ní ọdún 1991.

Rich kò sẹ́ ẹ. Nínú ìwé tó kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní Lockheed, ó dárúkọ Ufimtsev, ó sì sọ ibi tí wọ́n ti rí ọ̀nà. Ní ọdún 1990, Ufimtsev fúnra rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì di olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba ní Los Angeles.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, nínú gbogbo bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn yìí, Overholser ni wọ́n ń yìn, Rich ni wọ́n ń yìn, Ufimtsev sì ń gba ìyìn tirẹ̀ bó tilẹ̀ pẹ́. Ẹni tó jókòó tú ìwé náà kì í sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí a bá yọ òun kúrò, ìwé náà yóò wà lórí pẹpẹ ní Moscow, kò sì ní sí Overholser kankan tí yóò bá a pàdé.

Kì í ṣe pé wọn kì í gbọ́

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé etí àwọn aláṣẹ Sófíẹ̀tì di sí gbogbo ọ̀rọ̀. Su-27, tó jẹ́ bàbá Su-57, jẹ́rìí sí i pé bí wọ́n bá gbọ́, nǹkan máa ń ṣe.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1977 ni bàálù àdánwò Su-27 àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní T-10, gbéra. Ó fò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Sukhoi fi ìṣirò gbé e ka iwájú F-15 ti Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé kò ní lè dojú kọ ọ́. Ẹ rò ó wò: owó ti wọlé, ọdún ti lọ, àwọn ọ̀gá ológun ń retí. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí wọ́n pa á mọ́ra kí wọ́n sì máa ṣe é lọ. Mikhail Simonov tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ya àwòrán bàálù náà kò gba ọ̀nà yẹn. Ó ní àfi kí wọ́n tún un yà. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀, wọ́n sì fún un ní owó àti àkókò. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1981, T-10S gbéra, ohun tó fi jọ ti àkọ́kọ́ kò sì tó nǹkan. Láti ara rẹ̀ ni Su-30, Su-34 àti Su-35 ti jáde. Títí di òní, àwọn ọmọ Su-27 ló pọ̀ jù nínú bàálù ogun tí Rọ́ṣíà gbójú lé.

Ìlú kan náà ni, ìjọba kan náà ni. Ufimtsev sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó fetí sí i. Simonov sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà nínú ohun tí wọ́n rí gbà níbẹ̀.

Nígbà tí okùn já

Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń palẹ̀ bàálù tí yóò gba ipò Su-27 àti MiG-29. Ilé iṣẹ́ Mikoyan ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 1991, Sófíẹ̀tì túká. Ètò náà kò kú lójú ẹsẹ̀. Ebi ló ń pa á díẹ̀díẹ̀. Bàálù àdánwò Mikoyan, MiG 1.44, jókòó sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ nítorí owó. Ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2000 ló tó gbéra, ìgbà tí àkókò rẹ̀ ti kọjá. Ẹyọ kan péré ló fò. Sukhoi náà ṣe tirẹ̀, Su-47, tí ìyẹ́ rẹ̀ yí síwájú dípò ẹ̀yìn. Ó gbéra ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997, ó dára lójú, ẹyọ kan náà ni òun pẹ̀lú.

Kì í ṣe irin ló ń ká mi lára jù nínú àwọn ọdún yẹn, bí kò ṣe èèyàn. Owó oṣù kì í wọlé déédéé. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ tajà, àwọn mìíràn ń re òkè òkun. Àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó wá jókòó ti àgbà kò wá, ta ni yóò kàwé ọdún márùn-ún kó wá jẹ gbèsè? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ sì mọ̀ pé ohun tí ọ̀gá mọ̀ kì í tán sínú ìwé. Alágbẹ̀dẹ kì í kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí ni irin ṣe ń pọ́n kí a tó lù ú. Ọmọ iṣẹ́ ló ń wò ó lójú ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá lọ tí kò sí ọmọ iṣẹ́, ìwé á wà ńlẹ̀, iṣẹ́ á ti lọ.

Ohun tó gba Sukhoi là ni ọjà òkèèrè. Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í gba Su-27 ní ọdún 1992, Íńdíà sì bọ́wọ́ lu ìwé àdéhùn Su-30 ní ọdún 1996. Owó yìí ni kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn tì. Ṣùgbọ́n ogún ni wọ́n ń tà. Ohun tí Simonov àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sílẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun, iṣẹ́ ọjọ́ iwájú sì dúró.

Láti T-50 dé Su-57

Ní ọdún 2002, ìjọba Rọ́ṣíà yan Sukhoi láti ṣe bàálù tuntun. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2010, ní ìlú Komsomolsk-on-Amur tó wà ní ìlà oòrùn Rọ́ṣíà lọ́hùn-ún, awakọ̀ òfurufú Sergey Bogdan gbé bàálù àdánwò T-50 sókè fún ìṣẹ́jú 47. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọdún 48 lẹ́yìn ìwé Ufimtsev. Amẹ́ríkà ti lo F-117 gbó, wọ́n ti fẹ̀yìn rẹ̀ tì ní ọdún 2008, kí ti Rọ́ṣíà tó kúrò nílẹ̀.

Bàálù náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹni tó bá wò ó láti òkè yóò rí i pé etí ìyẹ́ rẹ̀ àti etí ìrù rẹ̀ ni wọ́n tò kí wọ́n kọjú sí ọ̀nà mélòó kan péré, kí ìgbì rédà má baà fọ́nká síbi gbogbo. Inú ikùn ni mísáìlì rẹ̀ ń gbé, kì í ṣe abẹ́ ìyẹ́. Ẹnu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè yí, èyí tó ń jẹ́ kó lè pẹ́kọ́ ní òfurufú ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó lè bá bàálù jà, ó sì lè jù bọ́ǹbù sí ilẹ̀. Àwọn tó yà á mọ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí okùn ti já kò ṣeé fi ẹnu so. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, níbi àfihàn bàálù tí wọ́n ń ṣe ní Zhukovsky lẹ́bàá Moscow, iná yọ lẹ́nu ẹ́ńjìnnì T-50 kan bó ṣe ń sáré láti gbéra, awakọ̀ rẹ̀ sì mú un dúró lójú gbogbo àwọn tó wá wòran. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2014, òmíràn gbiná lẹ́yìn tó balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ló tún le jù. Bàálù náà bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó wá láti ìdílé ti Su-27, nítorí èyí tí wọ́n pète fún un kò tíì sí. Oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni ẹ́ńjìnnì tuntun náà tó kọ́kọ́ fò, àyẹ̀wò rẹ̀ sì tún gba ọ̀pọ̀ ọdún sí i.

Ẹnu dùn ròfọ́. Ètò àkọ́kọ́ ni pé kí ológun ní ju 50 lọ nígbà tó bá fi di ọdún 2020. Nígbà tó di ọdún 2015, igbákejì mínísítà ètò ààbò, Yury Borisov, ní 12 ni àwọn máa kọ́kọ́ rà. Ní ọdún 2018, ó ní kò sí ìdí láti sáré ṣe é lọ́pọ̀, nítorí Su-35 ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, wọ́n bọ́wọ́ lu ìwé fún 76, tí wọn yóò fi parí ní ọdún 2028. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún náà, èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún ológun já lulẹ̀ kí wọ́n tó fi lé wọn lọ́wọ́; ọpẹ́ ni pé awakọ̀ rẹ̀ bọ́. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ológun tó gba ọ̀kan. Nígbà tí ọdún 2024 parí, ohun tí ayé mọ̀ pé wọ́n ti gbà kò tíì tó ìdajì 76. Ṣáínà tí J-20 rẹ̀ kọ́kọ́ gbéra ní oṣù Kìíní ọdún 2011, ọdún kan lẹ́yìn T-50, ti ṣe tirẹ̀ ju èyí lọ fíìfíì. F-35 ti Amẹ́ríkà ti kọjá 1,000.

“Owó ni, kò sí ohun mìíràn”

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní owó ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti Íńdíà. Ní ọdún 2007, Íńdíà àti Rọ́ṣíà fẹnu kò pé àwọn yóò jọ ṣe bàálù náà. Ní ìparí ọdún 2010, wọ́n bọ́wọ́ lu ìwé mílíọ̀nù 295 dọ́là fún àwòrán ìbẹ̀rẹ̀. Íńdíà ní owó, Rọ́ṣíà ní ìmọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n Íńdíà ń ráhùn lórí ẹ́ńjìnnì, ó ń ráhùn lórí bí rédà ṣe máa rí bàálù náà tó, ó sì ń ráhùn pé wọn kò fẹ́ kí òun mọ inú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2018, ó yọ ọwọ́. Owó dé, ẹni tó mú un wá sọ̀rọ̀, wọn kò sì gbọ́ ọ tán.

Amẹ́ríkà pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. F-22, tí àwọn kan ṣì ń pè ní ọba òfurufú, 187 péré ni wọ́n ṣe fún ológun kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Wọ́n tọ́jú irinṣẹ́ rẹ̀ síbì kan. Nígbà tí àwọn aṣòfin ní kí wọ́n ṣèwádìí bóyá wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ padà, èsì tó jáde ní ọdún 2017 ni pé owó tó máa gbà kọjá sísọ, wọ́n sì pa èrò náà tì. Irinṣẹ́ wà nínú àpótí o. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ló ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé wa. N kò máa ṣe ìdárò pé ohun ìjà ẹnìkan pẹ́. Bàálù tí à ń sọ yìí, ilé àti èèyàn ni wọ́n ṣe é fún láti bà jẹ́. Àwọn òbí wa àgbà tó gbọ́ ìró MiG-17 nígbà ogun abẹ́lé wa kò ní bá ẹnikẹ́ni pa á láwàdà. Ọwọ́ Sófíẹ̀tì ni ìjọba àpapọ̀ ti rí wọn gbà ní ọdún 1967. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ukraine gbé àwòrán jáde tó fi Su-57 kan hàn tó fara gbọgbẹ́ níbi tó jókòó sí ní pápákọ̀ Akhtubinsk, ọ̀nà tó jìn ju 500 kìlómítà lọ sí ojú ogun. Àwọn ará Ukraine tó yọ̀ sí i ní ìdí tí wọ́n fi yọ̀. Ohun tí mo ń tọpa ni bí iṣẹ́ ọpọlọ ṣe ń di ohun tí ọwọ́ lè dì mú, nítorí ọ̀nà tí bàálù gbà náà ni oògùn ń gbà, òun ni irúgbìn ń gbà, òun ni ìwé atúmọ̀ èdè ń gbà.

Ní ẹ̀ka tiwa ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní ọdọọdún, gbogbo wa ń kọ próójẹ́ẹ̀tì. A ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́wọ́ babaláwo, a ń to orúkọ ewé, a ń ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀ka èdè tí àwọn tó ń sọ ọ́ kò pọ̀ mọ́. A máa ń dì í, a máa fi sílẹ̀, a máa gba máàkì, ó parí. Ta ló ń kà á? Èyí tó lè jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè ẹnìkan ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn tàbí ti kọ̀ǹpútà wà lórí pẹpẹ, eruku sì bò ó. Ufimtsev ní oríire, àwọn àjèjì kan ń wá ohun tí wọ́n máa kà. Bí àwa bá dúró de àjèjì, wọ́n lè wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn la ó ti máa lọ ra ohun tí a kọ padà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ wá fún.

Èkíní, kí a yéé wo iṣẹ́ ìtumọ̀ bí iṣẹ́ ẹni tí kò rí ohun gidi ṣe. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹgbẹ́ wa pé ìtumọ̀ kì í ṣe ìwádìí. Ìwé tí wọ́n tú ní ọdún 1971 sọ ohun tó yàtọ̀. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa yan ìwé kékeré kan lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí a pín in láàárín ara wa, kí a tú u sí Yorùbá, kí ìwé ìròyìn wa yìí sì gbé e jáde. Kí orúkọ ẹni tó tú u wà lókè, kì í ṣe nísàlẹ̀.

Èkejì, kí gbogbo ẹni tó bá parí próójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ ojú ìwé kan péré tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹ̀ka wa lè kà kó yé e: ohun tí mo wá, ohun tí mo rí, ẹni tó lè wúlò fún. Ojú ìwé kan kò pọ̀ jù. Kí a kó wọn jọ síbí.

Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, ẹ̀gbọ́n àti òbí wa. A kí yín fún àga, fáànù àti ohun gbogbo tí ẹ máa ń fi ta wá lọ́rẹ níbi àjọ̀dún. A kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n owó ńlá tó wá lẹ́ẹ̀kan tí kò sì padà wá mọ́ ni MiG 1.44 rí kó tó jókòó sílẹ̀. Bí ẹ bá lè para pọ̀ fi owó kékeré sílẹ̀ lọ́dọọdún, tí yóò máa gbé akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ jókòó ti àwọn olùkọ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé wọn, ẹ ó ti ṣe ohun tí a kò ní lè fi owó rà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ń dàgbà. Ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ kí sáà yìí tó parí.

Ẹni tó bá fẹ́ darapọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, kó bá akọ̀wé ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀. Mo ti fi orúkọ tèmi sílẹ̀.